Òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé àti òǹkàwé, ẹ bọ́ síbí: ìwé oúnjẹ wo lẹ máa gbà wá nímọ̀ràn fún Kérésì yìí?

Ọmọ_Ilé_Ìkàwé

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ilé ìkàwé ìjọba ìbílẹ̀ kan ní gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Bí oṣù kọkànlá bá ti ń parí lọ báyìí, ìwé oúnjẹ kì í pẹ́ lórí pẹpẹ wa mọ́. Tí ẹ bá wo ibẹ̀ lónìí, àlàfo àlàfo ni, bí eyín ọmọ ọdún méje. Ọ̀gá wa ti ní kí n to tábìlì kan sẹ́nu ọ̀nà, kí n kó ìwé oúnjẹ ọdún sórí ẹ̀.

Ti àwọn òyìnbó ò le. Tí mo bá ti gbé Delia Smith's Christmas (1990) àti Nigella Christmas (2008) síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Tiwa gan-an ló ń rò mí. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí síbí máa ń wá bá mi, wọ́n á rọra bẹ̀rẹ̀ mọ́ káńtà, wọ́n á ní, "Àǹtí, ṣé ẹ ní ìwé tó ní jọ́lọ́ọ̀fù tòótọ́?" Ẹ bá mi dá sí i. Ìwé wo lẹ ti fi sebẹ̀ rí, tí ẹ lè fọwọ́ sọ̀yà fún? Ẹ má kàn dárúkọ ìwé fún mi o. Ẹ sọ ohun tí ẹ fi sè àti ibi tó kù sí.

ÈbíŃpàmí

Ìwé kẹ̀? YouTube ti kú ni?

ÌyáÌbejì_Thamesmead

@ÈbíŃpàmí YouTube tó máa dá ọ dúró, tó máa bẹ̀rẹ̀ sí í polówó ọṣẹ ìfọṣọ nígbà tí àlùbọ́sà rẹ ń jóná lórí iná? Tí ọwọ́ rẹ kún fún ata, ìka wo lo fẹ́ fi tẹ fóònù?

Àǹtí òṣìṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́. My Everyday Lagos ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé síbẹ̀. Yewande Komolafe ló kọ ọ́, 2023 ló jáde. Wọ́n bí i sí Berlin, Èkó ló dàgbà sí, Amẹ́ríkà ló wà báyìí, nítorí náà ó mọ ohun tójú èèyàn ń rí tó bá ń wá èròjà kiri nílẹ̀ àjèjì. Ọmọ mi obìnrin ló gbé e wálé láti ilé ìkàwé. Mo jókòó lórí àga, mi ò dá sí i, ó fi se jọ́lọ́ọ̀fù. Mo jẹ ẹ́. Mo tún bù sí i. Ibi tó kù sí lójú tèmi ni ata: ẹni tó bá jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú bíi tèmi ní láti fi rodo méjì sí mẹ́ta kún ti inú ìwé.

Alásè_Mushin

Ẹ má bínú sí mi o. Ó lé lógún ọdún tí mo ti ń se oúnjẹ òde nílùú Èkó yìí, ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìkómọ, kò sí èyí tí mi ò tíì gbé ìkòkò lọ. Mi ò ṣí ìwé rí. Ojú ni mo fi ń wọn iyọ̀, imú ni mo fi ń mọ̀ pé ata ti dín. Ẹ wá ń sọ fún mi pé ọmọ Yorùbá máa lọ yá ìwé kó tó lè se ìrẹsì? Ṣé ọmọ yẹn ò ní ìyá ni?

ÈbíŃpàmí

@Alásè_Mushin Mọ̀mí, Leeds ni mo wà, Ondo ni màmá mi wà, tí mo bá sì pè wọ́n, "bu iyọ̀ díẹ̀ sí i" ni wọ́n máa ń wí. Díẹ̀ bíi mélòó? "Díẹ̀ náà ni."

Olùkọ́_Àgbà

Ẹ jẹ́ kí àgbà fẹnu sí i. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Ìbàdàn ni mo ń gbé. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ìwé oúnjẹ jẹ́ ti àwọn tó wà lókè òkun nìkan, ẹ bi àwọn ìyá yín wò dáadáa. Èyí tó bá lọ sílé ẹ̀kọ́ girama àwọn obìnrin láyé ìgbà yẹn, tó kọ́ domestic science, á mọ Miss Williams' Cookery Book. Ọmọ ilẹ̀ yìí ló kọ ọ́, R. Omosunlola Williams, Longmans sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1957, kí a tó gba òmìnira. Tiwa àti ti òyìnbó ló wà nínú ẹ̀.

Ó tún kù. Ìwé kan wà tí wọ́n ń pè ní The Kudeti Book of Yoruba Cookery, tí J. A. Mars àti E. M. Tooleyo ṣe. Kúdẹtì níbi ni o, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin ti ìjọ CMS, èyí tí wọ́n pa pọ̀ mọ́ ti Èkó ní 1950 tó fi di St. Anne's ní Mọ́lété. Ìwé pẹlẹbẹ ni. Kò sí àwòrán aláràbarà nínú ẹ̀, kò sì sí ìtàn ìgbésí ayé ẹnikẹ́ni. Ohun tó o fẹ́ sè, ohun tó o máa lò, bó o ṣe máa ṣe é, ó tán. Mo fẹ́ràn ẹ̀ ju àwọn ti ìsinsìnyí lọ, níbi tí èèyàn ti máa ka ojú ewé mẹ́rin nípa ìyá àgbà òǹkọ̀wé kó tó rí iye ẹ̀wà tó máa rẹ.

Ọmọ_Ilé_Ìkàwé

@Olùkọ́_Àgbà Ẹ ṣeun gan-an sà. Àwọn méjèèjì yẹn ò sí lórí pẹpẹ tiwa. Irú ìwé bẹ́ẹ̀, inú àpamọ́ àwọn ilé ìkàwé ńlá ni wọ́n sábà máa ń wà, ibẹ̀ lèèyàn sì máa ti kà á. Ẹni tó bá fẹ́, kó sọ fún òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé àdúgbò ẹ̀ kí wọ́n bá a béèrè láti ibòmíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ Kérésì kí ẹ tó béèrè.

@Alásè_Mushin Mà, mo gbọ́ yín. Àmọ́ ẹ dúró ná, ẹ má tíì lọ, ó jọ pé a máa nílò yín.

Akínkúnmi_Houston

Ìbéèrè kan rèé. Ìdílé wa máa pàdé nílé mi lọ́jọ́ kejì Kérésì, àádọ́ta èèyàn tàbí kó lé díẹ̀. Èmi ni wọ́n ní kí n se ìrẹsì (ìyàwó mi ló fi mí sílẹ̀ fún wọn). Ìwé tí mo yá, èèyàn mẹ́fà ni wọ́n kọ ọ́ fún. Ṣé kí n kàn sọ gbogbo ẹ̀ di ìlọ́po mẹ́jọ àti díẹ̀ ni?

Alásè_Mushin

Rárá o! Ẹ gbà mí!

Ọmọ mi, má ṣe bẹ́ẹ̀. Omi ló máa bà ọ́ jẹ́. Ìkòkò kékeré máa ń tètè gbẹ, ìkòkò ńlá kì í gbẹ bẹ́ẹ̀. Tó o bá sọ omi di ìlọ́po mẹ́jọ, tùwó lo máa gbé fún àwọn àna rẹ. Ó dáa, gbọ́.

Èèyàn àádọ́ta, kílò márùn-ún ìrẹsì ló máa tó, bíi kóńgò mẹ́ta àbọ̀ tiwa níbí, pàápàá tí mọ́ín-mọ́ín àti ẹran bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ìrẹsì gígùn tí wọ́n ti bọ̀ láti iléeṣẹ́ ni kó o rà. Fọ̀ ọ́ títí omi ẹ̀ á fi mọ́. Tàtàṣé kílò méjì, tòmátì kílò méjì, àlùbọ́sà kílò kan àbọ̀, kó o yọ ìdá mẹ́ta ẹ̀ sọ́tọ̀ fún dídín. Rodo, ìwọ lo mọ àwọn àlejò rẹ. Lọ ata, sè é kí omi ẹ̀ gbẹ. Ibẹ̀ yẹn ni àwọn ọmọ ìsinsìnyí ti máa ń kánjú: omi ata gbọ́dọ̀ gbẹ kó tó wọnú òróró, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó máa kan.

Gbé òróró kaná, bíi lítà kan àti díẹ̀. Din àlùbọ́sà, da tòmátì inú agolo sí i, din ín títí àwọ̀ ẹ̀ á fi ṣú, kó o tó da ata tó o ti sè sí i. Má kúrò nídìí ẹ̀. Nígbà tó o bá rí i pé òróró ti ń yọ lójú ata, ó ti tó. Wá fi kọ́rì, táìmù, ewé bay, Maggi àti iyọ̀ sí i, da omi ẹran sí i, kó hó. Tọ́ ọ wò. Ó gbọ́dọ̀ fi díẹ̀ dùn níyọ̀ ju bó o ṣe fẹ́ ẹ lọ, torí ìrẹsì máa fà á.

Wàyí o, ìrẹsì. Dà á sínú ata. Ọbẹ̀ ò gbọdọ̀ bo ìrẹsì mọ́lẹ̀, kó kàn bá a dọ́gba ni. Tó bá lé, bu díẹ̀ kúrò sínú abọ́, o ṣì lè dá a padà. Fi fọ́ìlì bo ojú ìkòkò kó o tó fi ìdérí dé e, kó o wá dín iná kù pátápátá. Má máa rò ó. Ẹ̀ẹ̀kan péré, tó bá kù díẹ̀ kó jinná, fi ṣíbí onígi gbé ìsàlẹ̀ wá sókè. Tó bá ti jinná, ṣí iná sókè ní ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún kí ìdí ẹ̀ jó díẹ̀. Òórùn yẹn làwọn èèyàn ń tìtorí ẹ̀ lọ sóde.

ṢeunOníkéèkì

Mọ̀mí alásè tí wọn ò ṣí ìwé rí ti kọ ìwé fún wa báyìí o 😂

Ọmọ_Ilé_Ìkàwé

@Alásè_Mushin Mà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ máa gbà mí láyè kí n tẹ èyí sórí bébà, kí n gbé e sórí tábìlì yẹn láàárín àwọn ìwé? Orúkọ tí ẹ ń lò níbí ni màá kọ sábẹ́ ẹ̀.

Alásè_Mushin

Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ ò gbọdọ̀ yọ nǹkan kan kúrò o, pàápàá ibi tí mo ti ní kó má kúrò nídìí ẹ̀. Ẹ kọ ọ́ lọ́rọ̀ gàdàgbà.

Àlàájì_Ìwó

As-salaamu alaykum. Àwa tí a kì í ṣe Kérésì àmọ́ tí a máa ń bá wọn jẹ ẹ́ ti dé. Aládùúgbò mi ní Ìwó ò jẹ́ gbàgbé mi rí lọ́jọ́ náà, èmi náà ò sì jẹ́ gbàgbé ẹ̀ nígbà Iléyá. Ìbéèrè mi ni pé gbogbo ìwé kéèkì Kérésì tí ọmọ mi yá wálé ló ní kéèyàn rẹ èso gbígbẹ sínú ọtí. A ò lè ṣe ìyẹn. Kí la lè fi rọ́pò ẹ̀ tí kéèkì náà á fi dùn?

ṢeunOníkéèkì

Wa alaykumu salaam, Àlàájì. Omi ọsàn tí ẹ fún fúnra yín, tàbí tíì dúdú tó ki dáadáa. Ẹ da tíì gbígbóná lé èso náà lórí, ẹ bò ó, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ó máa wú, ó máa rọ̀, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ pé kò sọ́tí níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó yàtọ̀ ni pé ọtí ló ń jẹ́ kí kéèkì òyìnbó lè wà fún oṣù kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ láìbàjẹ́. Tiyín ò ní pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà, kí wọ́n yan án bí ọdún bá ti ku ọjọ́ díẹ̀. Kí wọ́n sì tún wo ohun tí wọ́n kọ sára ìgò fánílà; ọtí wà nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Àlàájì_Ìwó

Jazakallahu khairan. Ti fánílà yẹn, mi ò mọ̀ rárá.

Láíbìrì_Abẹ́òkúta

Ẹ kú ìjíròrò. Èmi náà òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé ni, Abẹ́òkúta. Kí n bá yín sọ ohun tí ojú wa ń rí lọ́dọ̀ ìwé oúnjẹ. Kò sí ìwé tó ń jìyà tó o. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹnì kan fi réésà gé ojú ewé ṣin-ṣín kúrò nínú ìwé kan féú, ó dá ìwé padà, ó tún kí wa pé ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, gbogbo yín lẹ ní fóònù tó ń ya àwòrán. Ojú ewé kan tí ẹ fẹ́ lò nílé, ẹ yà á.

Àmọ́ ti epo, kì í bí mi nínú. Tí ìwé bá dé tí epo pupa ti ta sí i, mo máa ń ṣí ojú ewé yẹn wò. Ibi tí epo bá ti pọ̀ jù lọ, oúnjẹ ibẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Tí òǹkàwé bá ní kí n yan ìwé oúnjẹ fún òun, èyí tó ti dọ̀tí ni mo ń kọ́kọ́ nawọ́ sí. Èyí tó mọ́ tónítóní lẹ́yìn ọdún márùn-ún, wọ́n kàn ń wo àwòrán inú ẹ̀ ni.

Ọmọ_Ilé_Ìkàwé

@Láíbìrì_Abẹ́òkúta Ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu iṣẹ́! Òdodo ọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sọ fún mi pé "ẹ ò ní ìwé tiwa", bẹ́ẹ̀ ó wà níbẹ̀. Lọ́dọ̀ wa tí a ń lo nọ́ńbà Dewey, ètò tí a fi ń to ìwé sórí pẹpẹ gẹ́gẹ́ bí ohun tó dá lé, oúnjẹ sísè wà ní 641.5. Ti orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan wà ní 641.59, nọ́ńbà ilẹ̀ náà á sì tẹ̀ lé e. Ítálì jẹ́ 641.5945, Íńdíà jẹ́ 641.5954. Nàìjíríà jẹ́ 641.59669. Ẹ ti rí i báyìí: ìparí ìlà náà la wà, ó sì lè jẹ́ pẹpẹ ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí èèyàn ti gbọ́dọ̀ lóṣòó kó tó rí nǹkan. Òǹkàwé á dé ọ̀dọ̀ Ítálì, á rí pasta, á gbé e, á lọ. Ìwé oúnjẹ ọdún tún wà lọ́tọ̀, ní 641.568. Nítorí náà, tí ẹ bá ń wá jọ́lọ́ọ̀fù Kérésì, ẹ lóṣòó.

ÈbíŃpàmí

Mo ti lọ wò ó ní ilé ìkàwé tó wà nítòsí wa lọ́sàn-án yìí. Mo lóṣòó. Hibiscus ti Lopè Ariyo wà níbẹ̀, ti 2017. Mo gbé e! Àmọ́ kì í ṣe bí màmá mi ṣe ń sè é ni gbogbo nǹkan inú ẹ̀ o. Ó ń gbé èròjà ilé wa, ó ń fi dá àrà.

ÌyáÌbejì_Thamesmead

Ìyẹn náà dáa. Ẹ̀yin lẹ ń dá àrà, àwa la ń jẹ ẹ́. Kó o ṣáà ti se ìrẹsì tòótọ́ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Ọmọ_Ọya_ní_Salvador

Ẹ kú ọdún láti Bahia ní Brazil. Iṣẹ́ ìwádìí ló gbé mi dé ibí. Ọdún tiwa níbí kì í dúró de Kérésì. Ọjọ́ kẹrin oṣù Kejìlá ni ọdún Santa Bárbara, ẹni tí àwọn onísìn Candomblé (ẹ̀sìn òrìṣà ti ibí) mọ̀ sí Iansã, Ọya tiwa. Aṣọ pupa ni gbogbo ìgboro máa ń wọ̀ lọ́jọ́ náà, tí wọ́n á máa pín caruru, ìyẹn ilá tí wọ́n fi edé gbígbẹ, ẹ̀pà, kajú àti epo pupa sè. Àkàrà, acarajé lẹ́nu wọn níbí, ni oúnjẹ Ọya gan-an. Àwọn ìyá alákàrà jókòó ní ìgboro pẹ̀lú aṣọ funfun àti gèlè, epo pupa ló ń hó nínú agbada, kì í ṣe òróró. Wọ́n á la àkàrà sí méjì, wọ́n á fi edé àti vatapá, ọbẹ̀ kíki kan, há a láàárín. Láti 2005 ni ìjọba Brazil ti kọ iṣẹ́ wọn sílẹ̀ lábẹ́ òfin gẹ́gẹ́ bí ogún orílẹ̀-èdè náà.

Ìwé tí mo fẹ́ dárúkọ ni A Arte Culinária na Bahia ti Manuel Querino. Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ni, ọmọ Bahia, ó kú ní 1923, ìwé náà sì jáde ní 1928. Oúnjẹ àwọn baba ńlá wa ló kọ sílẹ̀ níbẹ̀: àkàrà, abará tí wọ́n ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́n bí ọ̀lẹ̀, acaçá tó jẹ́ ẹ̀kọ. Èdè Potogí ni o. Àmọ́ ẹni tó bá mọ àkàrà dín á mọ ohun tó ń sọ kó tó débi ìtumọ̀.

Olùkọ́_Àgbà_Kejì

Ẹ̀wà ni wọ́n ń lọ̀ pẹ̀lú àlùbọ́sà bíi tiwa? Wọn ò fi rodo sí i?

Ọmọ_Ọya_ní_Salvador

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀wà bíbó pẹ̀lú àlùbọ́sà àti iyọ̀. Ata wà lọ́tọ̀. Ìyá alákàrà á bi yín bóyá ẹ fẹ́ ẹ "gbígbóná", tí ẹ bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ata ló máa fi pa á lára.

Akínkúnmi_Houston

Ta ló mọ ìwé tí mo lè rà fún ìyàwó mi fún ọdún? Kì í ṣe èyí tó máa dà bíi pé mo ń ní kó lọ sí ìdáná o.

Láíbìrì_Abẹ́òkúta

@Akínkúnmi_Houston Longthroat Memoirs, ti Yemisí Aríbisálà. Cassava Republic ló gbé e jáde ní 2016. Àròkọ lórí oúnjẹ ni, kì í ṣe ìwé ìdáná. Ó gba àmì ẹ̀yẹ John Avery nínú ti André Simon, àwọn tó ń yẹ ìwé oúnjẹ àti ọtí sí ní Lọ́ńdọ̀nù. Orí ibùsùn lèèyàn ti ń kà á. Àmọ́ ẹ ra oúnjẹ sílé kó tó ṣí i, ebi máa pa á.

Tó bá wá jẹ́ pé òun gan-an ló fẹ́ràn àtisebẹ̀, Chop Chop ti Ozoz Sokoh ni. 2025 ló jáde, gbogbo Nàìjíríà ló kó pọ̀, kì í ṣe ìran kan.

ÌyáÌbejì_Thamesmead

Àǹtí òṣìṣẹ́, ẹ dákun, tí a bá ń yá ìwé wọ̀nyí lọ́fẹ̀ẹ́, ṣé ebi ò ní pa àwọn tó kọ wọ́n?

Ọmọ_Ilé_Ìkàwé

Mà, òfin kan wà ní Brítéènì níbí láti 1979, Public Lending Right ni wọ́n ń pè é. Òǹkọ̀wé tó bá forúkọ sílẹ̀ máa ń gba pẹ́ńsì díẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá yá ìwé ẹ̀ ní ilé ìkàwé ìjọba. Kì í ju £6,600 lọ lọ́dún fún ẹnì kan. Nítorí náà, tí ẹ bá yá a, owó ń wọlé fún wọn. Tí ilé ìkàwé yín ò bá sì ní ìwé kan, ẹ ní kí wọ́n rà á. Fọ́ọ̀mù wà fún un níbi púpọ̀, a sì ń kà á lóòótọ́. Tí ẹnì kan ò bá béèrè, ọ̀gá máa rò pé kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ, Ítálì ló máa tún rà.

ṢeunOníkéèkì

Mo ti kọ fọ́ọ̀mù tèmi.

ÈbíŃpàmí

Ìbéèrè ìkẹyìn ẹ jọ̀ọ́, ṣin-ṣín mi ń fa òróró bíi kànìnkànìn. Kí ló fà á?

ṢeunOníkéèkì

Ohun méjì ni kó o yẹ̀ wò. Ó lè jẹ́ bọ́tà ló pọ̀ jù: fúláwà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta gíráàmù, bọ́tà ọgọ́rùn-ún ti tó o, ṣúgà ọgọ́rùn-ún, ẹyin kan, mílíìkì díẹ̀díẹ̀ títí ó fi máa di mọ́ra, nutmeg ìdajì ṣíbí kékeré. Tàbí kó jẹ́ òróró rẹ ò gbóná tó. Ju ẹyọ kan sí i wò kó o tó da ìyókù. Tó bá jókòó sísàlẹ̀ tí kò dún, dúró. Tó bá léfòó tó ń hó yíká, da ìwọ̀nba sí i, má kún agbada.

Alásè_Mushin

Òótọ́ ló sọ. Àti pé kó o jẹ́ kó tutù pátápátá kó o tó dé e sínú ike.

@Ọmọ_Ilé_Ìkàwé, ìwé Kúdẹtì tí bàbá olùkọ́ sọ yẹn, tí ẹ bá rí ẹ̀dà ẹ̀ níbì kan, ẹ bá mi ya ojú ewé mọ́ín-mọ́ín ibẹ̀. Mo kàn fẹ́ wo iye epo tí wọ́n ní kéèyàn fi sí i ni.